Ìlú Méjì Tó Yin Sàrátù

Sàrátù Bùràímọ̀ máa ń gbọ́ ohùn gàrí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá bá a nídìí agbada tó gbóná, tí èéfín ti bo gbogbo ojú ilé, ẹ máa rí i tó di ojú, tó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn nínú rédíò tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Gàrí tó ṣì tutù a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èyí tó ti gbẹ a máa dún ṣììrì-ṣììrì bí iyanrìn lábẹ́ bàtà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ló wà láàárín ohùn méjèèjì, inú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn sì ni Sàrátù ti ń gbé láti ọdún mẹ́rìnlá. Bó bá ní "Ẹ kó o," tí wọ́n kó o, gàrí yẹn á pé oṣù mẹ́jọ nínú àpò láìbu. Bí wọ́n bá dúró láti sín ẹyọ kan, ó ti jóná. Àwọn kan ní Ìsẹ̀ sọ pé ó lè jókòó nídìí agbada tirẹ̀ kó sọ fún yín pé ẹnì kan ní Òmùò ti jẹ́ kí tirẹ̀ jóná. Mi ò bá wọn jiyàn. Òmùò jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí Sàrátù náà kì í ṣe etí lásán.

Emùré ni wọ́n ti bí i. Àgbẹ̀ ni Bùràímọ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìlélógún, Ọlásúnkànmí, mẹkáníìkì kan láti Ìsẹ̀, wá fẹ́ ẹ, ó sì gbé e lọ sílé. Láti Emùré sí Ìsẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀kadà tó gbé ewúrẹ́ méjì àti ìyá arúgbó kan á dé ibẹ̀ kí ewúrẹ́ náà tó rántí ké. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀nà kékeré yẹn, ẹyọ Sàrátù kan ló ń sin ìlú méjì. Bí wọ́n bá ń sìnkú ní Emùré, wọ́n á pè é: "Ọmọ ulé ni ọ́, wá se ọbẹ̀." Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ ní Ìsẹ̀, wọ́n á pè é: "Ìyàwó ulé ni ọ́, wá gúnyán." Ọdún kan wà tí nǹkan méjèèjì bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ó se ọbẹ̀ láàárọ̀ lọ́hùn-ún, ó gúnyán lọ́sàn-án níbí. Ká ní táyà ọ̀kadà tó gbé e padà kò jò ni, bóyá wọn ì bá gbé e kọjá sí Ìkẹ̀rẹ́ kó lọ bá àwọn tí kò mọ̀ rí sunkún.

Ìlú méjì. Ẹni tó bá ní ìlú méjì, ẹ̀yin náà á rò pé ó lọ́rọ̀.

Ilé-iṣẹ́ gàrí kan wà lójú ọ̀nà tó so ìlú méjèèjì pọ̀. Àjùmọ̀jẹ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní: àwọn tó ń rin ẹ̀gẹ́, àwọn tó ń fún omi rẹ̀ dànù, àti àwọn tó ń yan án. Ìdí agbada ni Sàrátù wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí alábòójútó ẹ̀ka ìyan kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kí Sàrátù máa ṣe adelé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn di ọdún mẹ́sàn-án. Adelé tó pẹ́ lórí oyè ju olóyè lọ.

Kò ṣèyọnu lórí ìyẹn, àfi ìgbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nọ́ọ̀sì tó wò ó sọ ojú abẹ níkòó fún un pé: "Ìyá, èéfín ló ń ṣe yín. Bẹ́ẹ bá jókòó ti iná yẹn fún ọdún méjì sí i, ọmọ yín ni yóò máa fà yín lọ́wọ́ lọ sí ọjà." Ní Àjùmọ̀jẹ, alábòójútó kì í jókòó ti iná. Yàrá kékeré onígíláàsì kan wà fún un ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìyan, fáànù wà níbẹ̀, èéfín kì í wọ ibẹ̀. Sàrátù ti nu gíláàsì yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò jókòó sínú rẹ̀ rí, nítorí wọ́n ní adelé kì í jókòó síbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe oyè ló ń wá. Ojú ara rẹ̀ ló ń wá.

Ìgbà náà ni ìjà ìlú mẹ́ta ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Ìkẹ̀rẹ́, ìlú kẹta tí Àjùmọ̀jẹ ti ń gba òṣìṣẹ́, ní Emùré ló ń jẹ gbogbo iṣẹ́. Ti Emùré ní Ìsẹ̀ ni. Ti Ìsẹ̀ ní àwọn ò tíì fojú kan iṣẹ́ kankan rí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ wọ aṣọ iṣẹ́ Àjùmọ̀jẹ lọ́rùn. Wọ́n ti géètì pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ọgbà rà, òórùn rẹ̀ sì ròyìn ìjà náà dé ibi tí rédíò kò dé.

Olú ilé-iṣẹ́ ní Èkó bá rán Madam Victoria wá. Lọ́fínńdà tí obìnrin yìí fín sára pọ̀ débi pé ẹ̀gẹ́ gan-an gbàgbé òórùn ara rẹ̀. Ó jókòó fún ọjọ́ méjì, ó kọ Òfin Ìdọ́gba. Ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí ẹnu géètì. Òfin tó dára ni. Mo kà á, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Wọn ò gbọdọ̀ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nítorí pé obìnrin ni. Wọn ò gbọdọ̀ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nítorí ẹ̀sìn, tàbí nítorí ọjọ́ orí, tàbí nítorí àìpé ara. Ìpín kẹsàn-án ló wá sọ pé, kí wọ́n má baà rẹ́ ìlú kankan jẹ, kí alábòójútó kọ̀ọ̀kan wá láti ìlú kọ̀ọ̀kan, kí olórí ẹbí onítọ̀hún sì fi lẹ́tà jẹ́rìí pé ọmọ ẹbí òun ni.

Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Lawrence ti gba ẹ̀ka rírin fún Ìkẹ̀rẹ́. Ó ku méjì, fífún àti yíyan, Emùré kan, Ìsẹ̀ kan.

Inú Mọ́nsúrátù, tí òun àti Sàrátù jọ ń yan gàrí, dùn ju ti ẹni tó ni ọ̀rọ̀ lọ.

"Ìyá Tóyọ̀sí, tìẹ ti dé! Bí Emùré ò bá gbé e fún ọ, Ìsẹ̀ á gbé e fún ọ. Àwa yòókù ní ẹnu ọ̀nà kan, ìwọ ní méjì."

"Má pariwo, kí wọ́n má gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́ ni mo ṣe ń pariwo! Bí o bá wọnú gíláàsì yẹn tán, má ṣe bí ẹni pé o ò mọ̀ mí mọ́ o. Màá máa juwọ́ sí ọ láti inú èéfín."

Madam Victoria náà pè é sí ọ́fíìsì. "Ìyá Tóyọ̀sí, mo ti wo ìwé iṣẹ́ yín. Kò sẹ́ni tó tó yín. Ẹ ṣáà mú lẹ́tà wá kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Èyíkéyìí nínú ìlú méjèèjì ló dára."

Emùré ló kọ́kọ́ lọ. Bàbá Bọ́dúndé, àbúrò bàbá rẹ̀, ni olórí ẹbí. Tísà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, láti ìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì ni báírò rẹ̀ ti ń wá ohun tí yóò kọ bí ajá tí ebi ń pa.

"Sàrátù ọmọ Bùràímọ̀! Jókòó, jókòó. Lẹ́tà? Ṣé lẹ́tà lásán lo wí? Lẹ́tà tí wọn yóò kà títí, tí wọn yóò dìde dúró fún, ni mo máa kọ fún ọ."

Ó kọ ọ́ fún wákàtí kan àbọ̀. Nígbà tó parí, ó kà á sókè fún un, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: *Sàrátù jẹ́ ọmọ rere, ọmọ tí a tọ́ tó gbẹ̀kọ́, olóòótọ́, aláápọn, tí ẹbí wa fi tìfẹ́tìfẹ́ fún àwọn ará Ìsẹ̀, tí ó sì ti di tiwọn pátápátá.*

Sàrátù kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé: "Bàbá mi, 'tiwọn pátápátá' yẹn ńkọ́? Ẹ ò ṣe kúkú kọ ọ́ pé ọmọ ẹbí yín ni mí, kẹ́ẹ dá a dúró síbẹ̀?"

Bàbá Bọ́dúndé yọ awò ojú rẹ̀. "Sàrátù, ṣé wọ́n kọ̀ ọ́ nílé ọkọ ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ṣé Ọlásúnkànmí ló lé ọ?"

"Kò lé mi, Bàbá."

"Kí ló dé tí o fẹ́ kí n kọ ọ́ bí ẹni tó kó ẹrù padà wá sí ulé? Obìnrin tó ti lé lógún ọdún nílé ọkọ, kí n máa kọ ọ́ káàkiri pé tiwa ni? Wọn á ní a fi ọ́ fún wọn, o ò ṣeé gbé! Èmi ò ní bà ọ́ jẹ́ láyé."

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sínú àpò ìwé, ó tún fi itọ́ lẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Bàbá Adésọjí ní Ìsẹ̀, olórí ẹbí ọkọ rẹ̀. Bàbá Adésọjí fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Kò sí ayẹyẹ kan nílé yẹn tí kì í jẹ iyán Sàrátù tí kì í sọ pé, "Èyí ni ìyàwó!" Òun ò mọ̀wé bíi ti Bàbá Bọ́dúndé, ṣùgbọ́n ó pe ọmọ rẹ̀ kan, ó ń sọ ọ́, ìyẹn ń kọ ọ́: *Sàrátù ni ìyàwó wa àtàtà, ẹni bí okùn, tí a lọ fẹ́ láti Emùré. Àwọn ará Emùré bí i ire. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.*

"Bàbá wa, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ ẹbí yín ni mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni òfin wọn fẹ́."

Bàbá Adésọjí fọwọ́ bo ẹnu. "Ọmọ ẹbí kẹ̀? Tá ni Ọlásúnkànmí?"

"Ọmọ ẹbí yín ni."

"Ìwọ náà tún wá jẹ́ ọmọ ẹbí wa. Ó dáa. Ọmọ wa wá gbé ọmọ wa níyàwó. Wọ́n á kà á ní ilé-iṣẹ́ pé àwa ará ulé yìí ń fẹ́ àbúrò ara wa! Sàrátù, ohun tó ò ń bẹ̀ mí kí n kọ yìí, ṣé o ti gbọ́ ọ tán létí ara rẹ?"

Àwọn ìyàwó ilé tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Sàrátù náà rẹ́rìn-ín. Kí ni yóò ṣe?

Ó pe Ọlásúnkànmí lórí fóònù. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé. "Bá mi bá Bàbá sọ̀rọ̀," ni obìnrin náà wí. Ọlásúnkànmí ní òun gbọ́. Ó ní òun máa pe Bàbá. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Ó ní hẹ́lò, hẹ́lò, ṣé o ń gbọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ ń dún ketekete bí agogo.

Ọjọ́ Jímọ̀, Sàrátù gbé lẹ́tà méjèèjì síwájú Madam Victoria. Ó rò pé bí ọ̀kan ò bá tó, méjì á tó. Madam Victoria ka èkíní, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ka èkejì, ẹ̀rín náà kú. Ó tún ka èkíní.

"Lẹ́tà tó wúni lórí ni wọ́n, Ìyá. Ẹnì kan ò yìn mí báyìí rí. Ṣùgbọ́n Emùré ní ti Ìsẹ̀ ni yín. Ìsẹ̀ ní ti Emùré ni yín. Ibo gan-an lẹ ti wá?"

"Ìdí agbada ni mo ti wá, mà."

"Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Òfin ní kí olórí ẹbí jẹ́rìí. Wọ́n jẹ́rìí fún ìwà yín, wọn ò jẹ́rìí fún ìlú yín. Bí mo bá yẹ òfin nítorí yín, mo ti rẹ́ ìlú kan jẹ nìyẹn. Ìyẹn gan-an là ń sá fún."

Sàrátù wo obìnrin náà dáadáa, tó bí ojú rẹ̀ ṣe lè wo nǹkan mọ.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Olórí ẹbí wo ló kọ tiyín?"

"Èmi? Ọkọ mi, ará Ìlasà ni. Èmi ò dé ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Wọn ò bi mí léèrè ní Èkó."

Ó sì ká lẹ́tà méjèèjì padà fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun.

Òṣìṣẹ́ mìíràn, Tìmílẹ́yìn, gba ẹ̀ka fífún fún Emùré. Ẹ̀ka ìyan, ti Ìsẹ̀, wá bọ́ sọ́wọ́ Olúṣẹ́gun. Ọmọkùnrin tó ti dàgbà, tó rí bíi fíríìjì ni. Èkó ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló ti dàgbà, ọdún kejì rèé tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ padà wálé. Títí di òní, bó bá fẹ́ lọ sí ọjà Ìsẹ̀, fóònù ló ń fi wá ọ̀nà, fóònù náà sì máa ń gbé e gba inú oko ẹlòmíì. Ọmọ ẹbí Bàbá Adésọjí ni. Bàbá náà ló kọ lẹ́tà rẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni kó wá bá òun kọ ọ́. Mo rí lẹ́tà yẹn. Kò sí àtàtà níbẹ̀, kò sí ẹni bí okùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: *Ọmọ wa ni.*

Mi ò lè sọ pé Olúṣẹ́gun ò dáa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú. "Ìyá mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lọ̀gá, èmi kàn ń jókòó ni." Òótọ́ ló sọ, jíjókòó náà ló sì ń ṣe. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó jó agbada gàrí mọ́kànlá. Dúdú tí gàrí náà dú, ẹyẹ ìwò tó bà lé e pàdánù ara rẹ̀ síbẹ̀. Madam Victoria bá pàṣẹ pé kí Sàrátù máa kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, fèrèsé yàrá onígíláàsì á ṣí díẹ̀, orí á yọ.

"Ìyá, ṣé kí wọ́n kó o?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ṣé kí wọ́n kó o wàyí?"

"Ẹ kó o."

Fèrèsé á padé kí èéfín má baà wọlé.

Mọ́nsúrátù ò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó juwọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ agbada kejì, bó ṣe ṣèlérí. Sàrátù ò rí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí Mọ́nsúrátù mọ̀ pé ojú náà ti ń lọ.

Nígbà tó di ìparí ọdún, ẹgbẹ́ kan láti Àbújá wá fún Àjùmọ̀jẹ ní ìwé ẹ̀yẹ fún ìdọ́gba. Wọ́n nílò fọ́tò. Ayàwòrán wo gbogbo òṣìṣẹ́ lọ, ó wo wọ́n bọ̀, ó nàka sí Sàrátù. Obìnrin ni, Mùsùlùmí ni, ó ti dàgbà, ojú ń dùn ún. Gbogbo ẹni tí òfin náà dáàbò bò ló pé sínú ènìyàn kan ṣoṣo, kò ní gba àyè púpọ̀ nínú fọ́tò. Wọ́n ní kó di ìwé ẹ̀yẹ náà mú, kó rẹ́rìn-ín. Ó dì í mú lórí kodò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán kí wọ́n tó kíyè sí i, ó sì wà lára ògiri Àjùmọ̀jẹ di òní olónìí.

Lẹ́yìn ọdún Ìléyá, àwọn ará Ìgbàrà-Odò wá tọrọ Tóyọ̀sí, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Olúwanífẹ́mi lorúkọ ọkọ ìyàwó, tísà ni. Ilé kún. Bàbá Adésọjí ló jókòó sípò àgbà, nítorí ọmọ ilé rẹ̀ ni Tóyọ̀sí. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Wọ́n wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun kan láti sọ. Sàrátù ní òun ní.

Gbogbo ilé yí ojú sí i. Ìyá ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi báyìí.

"Ẹ̀yin bàbá wa láti Ìgbàrà-Odò, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Bí ọmọ mi bá dé ọ̀dọ̀ yín, tó rí iṣẹ́, tí wọ́n ní kó mú lẹ́tà wá pé ọmọ ibẹ̀ ni, ṣé ẹ máa kọ ọ́?"

Bàbá ọkọ ìyàwó rẹ́rìn-ín. "Háà, Ìyá wa! Ìyàwó la wá fẹ́. Ibi tí wọ́n ti bí i ló ti yẹ kó gba irú ìyẹn."

"Ó dáa." Sàrátù yíjú sí Bàbá Adésọjí. "Bàbá wa, ibí ni wọ́n ti bí i. Ẹ bá mi kọ ọ́ fún un báyìí, kó tó kúrò nílé, kó mú un dání lọ. Ẹ sọ pé tiyín ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Inú Bàbá Adésọjí dùn. Ó fẹ́ràn kí wọ́n bẹ òun ní ohun tó rọrùn lójú àlejò. "Ìyẹn náà ni o ṣe ń bẹ̀ mí? Ẹ mú báírò wá!" Ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ tó máa ń bá a kọ̀wé títí ó fi kún ojú ewé kan, ó tún béèrè ewé kejì. Àwọn ará Ìgbàrà-Odò ń mi orí, wọ́n ní irú àgbà báyìí ṣọ̀wọ́n. Ó fọwọ́ sí i. Ó na lẹ́tà náà sí Sàrátù.

Sàrátù gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Kò rí nǹkan kan ju funfun lọ. Ó fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kà á fún mi."

Tóyọ̀sí kà á. "Ọlátóyọ̀sí ni ọmọ wa àtàtà, ọmọ tí a tọ́ tó gbẹ̀kọ́, tí ẹbí wa fi tìfẹ́tìfẹ́ fún àwọn ará Ìgbàrà-Odò, tí ó sì ti di—"

Ó dúró síbẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Sàrátù ti di ojú, ó ti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe nídìí agbada. Gbogbo ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún Bàbá Adésọjí.

"Ó ti jóná," ni Sàrátù wí.

Ó gba lẹ́tà náà padà, ó ká a sí mẹ́rin, ó dìde, ó fọwọ́ wá ògiri dé yàrá rẹ̀, ó sì fi í pọ̀ mọ́ lẹ́tà méjì àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀.